Bí Mo Ṣe Ṣètò Kọ́ńsáàtì Àwọn Ọ̀dọ́ Láti Fi Gbẹ́ Kànga Ẹ̀rọ

Agbẹ́kànga ni mo kọ́kọ́ lọ bá, kí n tó wá ẹnikẹ́ni tó mọ fáyólìn ta. Ìbàdàn ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ń wá omi fún wà, orí àpáta sì ni ilẹ̀ ibẹ̀ jókòó lé. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò lè gbẹ́ ihò tí kò ní kan omi, owó á sì ti lọ. Mo ní kí ó kọ iye iṣẹ́ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: yíyẹ ilẹ̀ wò, gbígbẹ́, páìpù inú ihò, ẹ̀rọ tó ń fa omi, táǹkì àti ohun tó máa gbé e dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tò ó sínú ìwé ìkésíni. Bí ẹ bá kọ "fún ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́" lásán, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọn máa fún yín. Bí ẹ bá kọ iye táǹkì, ẹnìkan á ní òun gba táǹkì. Owó gbọ̀ngàn àti epo jẹnẹrétọ̀, ọwọ́ onígbọ̀wọ́ ni mo ti gbà á kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde, kí kọ́ńsáàtì má baà jẹ owó kànga.

Àwọn ọ̀dọ́ náà jẹ́ 18, ọmọ ọdún 12 sí 19: fáyólìn 8, àwọn olókùn tó tóbi jù ú lọ (fíólà 3, ṣẹ́lò 3, báàsì 1), fèrè 1, klarinẹ́ẹ̀tì 1, ẹnìkan nídìí dùùrù. Wákàtí kan péré ni ètò orin; bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn kékeré á rẹ̀, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Mo mú ìpín àkọ́kọ́ nínú orin olókùn tí Mozart, olórin Yúróòpù àtijọ́, kọ ní 1787 (K. 525 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀), tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ti àwọn àgbà olórin wa ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òfin Nàìjíríà ti 2022 ń dáàbò bo iṣẹ́ olórin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fela Sowande kú ní 1987, Ayọ̀ Bánkọ́lé kú ní 1976, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ̀wé gbàṣẹ kí a tó ta orin wọn níwájú èrò, kí a tó da ìwé rẹ̀ kọ pàápàá. Àwọn tó kéré jù ló bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló sì jọ ta orin ìparí. Ìdí ni pé òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ti ta orin tirẹ̀ tán, ilé ló máa gbà lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni a bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gidi wà. Ọyẹ́ ń gbẹ igi, èèkàn tí okùn wé mọ́ á sún kì, á máa yọ̀, okùn á sì tú fúnra rẹ̀. (Ní ìgbà òjò, òdìkejì ni: igi á wú, èèkàn á há.) Ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ lára èèkàn tó ń yọ̀ tó, kí ẹ máa tì í wọlé bí ẹ ṣe ń yí i. Nínú okùn mẹ́rin fáyólìn, E, èyí tó tín-ín-rín jù, ló máa ń já jù, nítorí náà mo mú mẹ́rin lọ, A mẹ́ta, D kan, G kan. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa tú u. Bí ẹ bá tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, igi kékeré tó dúró nínú fáyólìn lè ṣubú, oníṣẹ́ nìkan ló sì lè gbé e dìde. Ẹ máa wo afárá, pákó kékeré tí okùn gùn lé. Bí a ṣe ń fa okùn léraléra, orí rẹ̀ á máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa wó. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹ fi máa dá a padà. Bí ẹ̀gbẹ́ fáyólìn bá sì là, súpà gúlù kọ́. Ẹ̀gbẹ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi gúlù tí kò le pa á pọ̀ ni, kí ó lè là kí pákó òkè má baà fọ́. Ẹ fi súpà gúlù sí i, pákó ló máa là nígbà mìíràn.

Dùùrù ni gbogbo ènìyàn tún ohùn sí, A 440 (ohùn A tó ń gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), nítorí dùùrù kò ṣeé yí lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù ní wákàtí méjì ṣáájú, kí igi ti mọ bí inú gbọ̀ngàn ṣe rí. Klarinẹ́ẹ̀tì tó tutù máa ń lọ sílẹ̀, bó bá sì gbóná ohùn rẹ̀ á gòkè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín fọn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni a lò. A kò kọ́ ọ fún irú orin báyìí bí wọ́n ṣe kọ́ Agip Recital Hall ní MUSON, ilé orin tó wà ní Oníkan, l'Ékòó. Táìsì ló kún ilẹ̀, orin tó bá yára á dà rú mọ́ra wọn. Kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan lábẹ́ àwọn ọ̀dọ́ náà dín in kù. Ó tún jẹ́ kí ẹsẹ̀ irin ṣẹ́lò má yọ̀. Níbi tí kápẹ́ẹ̀tì kò dé, a fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Àga tí kò ní apá nìkan ni a lò. Méjì-méjì ni àwọn olókùn ń wo sítáǹdì ìwé orin kan, nítorí náà 11 tó, mo sì kó 13. Péègì aṣọ méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí fáànù, àti iná bátìrì tí a tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí orin má dúró bí NEPA bá mú iná.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó ló kù. Ènìyàn wa kò lè rí ọmọ tó ń ṣe dáadáa kó má fi owó lẹ̀ ẹ́ níwájú orí. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kà á léèwọ̀: owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ tí náírà lẹ̀ mọ́ lójú kò rí ìwé orin, owó tó sì bọ́ sílẹ̀ kò ní ẹni tó kà á. Atọ́kùn kéde òfin náà kí okùn kan tó dún, àpótí tí a ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpòòwé àti POS méjì. Àwọn tó bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, orúkọ wọn àti ọ̀rọ̀ náà KÀNGA ni a ní kí wọ́n kọ sí i, kí akápò má máa méfò. Ẹni méjì ló ka owó inú àpótí lójú ara wọn, tí wọ́n fọwọ́ síwèé, ó sì wọ báńkì lọ́jọ́ kejì, sínú àpò ẹgbẹ́ òbí tí ó ní olùbuwọ́lù méjì.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a san owó agbẹ́kànga: nígbà tó gbé ẹ̀rọ dé, nígbà tó kan omi, àti nígbà tí ẹ̀rọ fa omi kún táǹkì. Rìsíìtì gbogbo rẹ̀ wà lórí WhatsApp àwọn òbí.