Ilé tuntun l'Ékòó: ẹ yẹ ilé ìdáná wò kí ẹ tó sanwó

Táìlì tó ń dán kì í se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ejẹ́ǹtì máa ń kọ́kọ́ fi han èèyàn. Tó bá jẹ́ nítorí ilé ìdáná lẹ ṣe ń kó, omi, atẹ́gùn, gáàsì àti iná ni kí ẹ wò. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ tètè lọ, ẹ ó rí ibi tí omi dúró sí.

Omi ló ṣáájú. Ẹ ṣí ẹ̀rọ síǹkì tán pátápátá, kí ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 sábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá kún láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó lè jẹ́ pé tánkì kò ga tó tàbí pé páìpù ti dí. Ẹni tó ń gbé lókè pátápátá ló sábà máa ń jìyà èyí, torí tánkì kò fi bẹ́ẹ̀ ga jù ú lọ. Ẹ tún bu omi náà sínú ike funfun, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Omi bóhóòlù tó ní irin nínú máa ń mọ́ gaara nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á; bí atẹ́gùn bá kàn án ni yóò pọ́n bí ìpẹtà. Ó parí fún aṣọ funfun nìyẹn. Ní etí òkun bíi Lekki àti Ajah, ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú, kó má lọ ní iyọ̀.

Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ pákó rẹ̀. Tó bá ti wú tàbí tó ti rọ̀, omi ti ń jò níbẹ̀ tipẹ́, ọ̀dà tuntun kò sì wo páìpù sàn. Àwọn aáyán á ti gbọ́ ṣáájú yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró níwájú pèpéle bí ẹni tó ń ro àmàlà. Pèpéle tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 90 dára fún rírẹ́ ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé sítóòfù lé e, tí ẹ tún gbé ìkòkò lé sítóòfù, apá yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èjìká kí orógùn tó kan ìdí ìkòkò. Ẹ wá àyè fún tábìlì kúkúrú kan tó le tí ẹ ó gbé sítóòfù lé. Odó ńkọ́? Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, táìlì lè sán, aládùúgbò ìsàlẹ̀ á sì gòkè wá. Ẹ béèrè bóyá àyè wà lẹ́yìnkùlé.

Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, torí náà tó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí sílíńdà kílò 12.5 wà níta, kí ihò wà lára ògiri tí rọ́bà rẹ̀ máa gbà wọlé. Ibi tí kò bá ti sí irú àyè bẹ́ẹ̀, tí fèrèsé ìdáná sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dípò ìta, ẹ wá ilé mìíràn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá so ó, ẹ ra rọ́bà tuntun, kí ẹ fi kílíìpù dè é lórí àti nídìí. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn pa á sí gbogbo oríkèé. Tó bá ń hó, ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan iná kankan, ẹ má sì fọwọ́ kan súìṣì. Ẹ má ṣe fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò láé.

Ní ti iná, ẹ bi aládùúgbò, kì í ṣe ejẹ́ǹtì, irú Band tí wọ́n wà, ìyẹn ìpele tí ilé iṣẹ́ mànàmáná fi pín àdúgbò sí nípa iye wákàtí iná. Band A yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ ra iná díẹ̀ sórí mítà, torí gbèsè ayálégbé àná lè farahàn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ ní kí àbúrò bá yín wo ilé, fọ́tò kò tó. Kó pè yín lórí fídíò láti inú ilé ìdáná, kó ṣí ẹ̀rọ omi àti kọ́bọ́ọ̀dù lójú yín. Ẹ̀rọ ìlọta láti Lọ́ńdọ̀nù á ṣiṣẹ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì Èkó. Ti Amẹ́ríkà, tó ń lo 120 volt, á jó lórí 230 wa, àfi tí wọ́n bá kọ 100–240V sí ìdí rẹ̀.

Òfin ilé gbígbà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní rìsíìtì. Òfin náà kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island.

Lọ́jọ́ ìkẹ́rù, sílíńdà gbọ́dọ̀ wà ní òró nínú ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ wà ní títì. Fíríìjì náà, ẹ gbé e ní òró. Tí wọ́n bá ti dà á dùbúlẹ̀ lórí afárá, ẹ gbé e nàró kí ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tan án, torí ọ́ìlì inú ẹ̀rọ rẹ̀ ti ṣàn kúrò níbi tó yẹ kó wà.