Bí mo ṣe dín ẹran kù nínú oúnjẹ Bàámi, tí wọ́n ṣì ń jẹ iyán wọn

Dókítà ló ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ Bàámi ti pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n dín ẹran pupa kù, ìyẹn màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, títí kan ọ̀yà àti àgbọ̀nrín tí àwa ará Èkìtì fẹ́ràn gan-an. Ẹni tó bá mọ ilé wa ní Adó á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn o, tórí Bàámi ò kí ń jẹ iyán tí ẹran ò bá bo ojú ọbẹ̀.

Mi ò kọ́kọ́ yọ ẹran kankan. Wíwọ̀n ni mo ń wọ̀n ọ́n. Mo ní òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn fúláwà, gbogbo ẹran tó bá fẹ́ wọ abọ́ Bàámi, màá gbé e lé e ná. Ege kan ṣoṣo, bí a ṣe máa ń gé e fún àgbà, tó bá jinná tán ó ń lọ sí bíi gíráàmù 90, wọ́n á jẹ méjì láàárọ̀, méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́. Àwọn World Cancer Research Fund, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ, ní ẹran pupa tí èèyàn máa jẹ lọ́sẹ̀ kan ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 350 sí 500 lọ lẹ́yìn tó bá ti jinná. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ kan ni Bàámi ń jẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì!

Àwọn kan á ní àsọdùn dókítà ni. Kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 2015, IARC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ ọ́ gbangba pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti kẹ́míkà tọ́jú, bíi sọ́sééjì, ń fa jẹjẹrẹ ìfun, wọ́n ní gíráàmù 50 ẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi bíi ìdá 18 nínú 100 kún ewu ẹ̀, ẹran pupa ní tiẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe gan-an kó máa fà á. Ti Bàámi, ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, tórí ọ̀rá ẹran tó máa ń dì tó bá tutù yẹn, òun ló ń gbé cholesterol burúkú, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí dókítà sọ, sókè.

Bíbá wọn sọ ọ́ ló le jù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká dín ẹran yìí kù díẹ̀." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé kí n wá máa jẹ uyán bí ẹni tí ò bímọ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ó yé mi, tórí nílé Yorùbá ẹran inú abọ́ àgbà, iyì ni. Mo wá rí i pé tí mo bá kàn yọ ẹran tí mi ò fi nǹkan gidi dípò, ìwọ̀sí ni mo fi ń lọ̀ wọ́n.

Ọbẹ̀ ìṣápá ló gbà mí. Màá bọ ìṣápá, màá fọ̀ ọ́, màá fún omi kíkan ẹ̀ dànù. Màá wá po egúsí kó ki dáadáa pẹ̀lú àlùbọ́sà, tí ata bá ti ń hó màá máa sọ ọ́ sí i ní ṣíṣù-ṣíṣù, màá dé e, mi ò ní rò ó rárá títí á fi dì, ìgbà yẹn ni ìṣápá, irú àti ẹja gbígbẹ á tó wọlé. Egúsí tó dì yẹn máa ń ní nǹkan tí eyín á rí jẹ. Lásìkò òjò, olú ni mò ń fi sí i, ọwọ́ ẹni tó mọ olú dáadáa ni kí ẹ ti rà á o. Ẹran ṣì ń wọ ìkòkò, ṣùgbọ́n mo ti gé e wẹ́wẹ́, mo sì ti gé ọ̀rá ara ẹ̀ kúrò.

Ẹ ṣọ́ epo náà o, tórí bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì yẹn, ẹni tó yọ ẹran tó wá da epo kún ìkòkò ò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni máàgì, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, irú ni kí ẹ fi dípò. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹran, púrótéènì inú ẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú ara dàgbà, ò pé. Ẹ̀wà ni baba, gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi gíráàmù 23 púrótéènì, kò ní cholesterol kankan, ọ̀ọ̀lẹ̀ sì ti di oúnjẹ àárọ̀ Bàámi báyìí pẹ̀lú ẹ̀kọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ rèé: ẹran tó kúrò lábọ́ Bàámi, abọ́ àwọn ọmọ ló lọ. Ará Amẹ́ríkà kan ń jẹ ju kílò 100 ẹran lọ lọ́dún, ní Nàìjíríà tá a bá pín in dọ́gba kò tó kílò 10, àwọn àgbà ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọmọdé á gba èyí tó kéré bí eyín, wọ́n á ní kó má baà di olè. Ọmọ tó ń dàgbà nílò áyẹ́ẹ̀nì tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ àti fítámì B12, B12 yìí ò sì sí nínú ẹ̀fọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹran sílẹ̀ pátápátá.

Ìnáwó ọjọ́ Sátidé là ń ṣọ́ra fún. Bàámi á jẹun nílé kí wọ́n tó jáde, tí wọ́n bá dé ọ̀hún ẹja ni wọ́n máa béèrè.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ọ̀rá yẹn ti wálẹ̀, oògùn dókítà náà wà níbẹ̀ o, mi ò ní sọ pé ọbẹ̀ nìkan ló ṣe é. Súyà ló kù báyìí. Mo ti ṣàlàyé pé ẹran tí iná jó dúdú ní àwọn kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ, wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí n fún àwọn láàyè igi kan lóṣù, mo sì gbà.