Bí ẹ ṣe lè sin olú gbòǹgbò fún ata kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé

Olú gbòǹgbò ni olú tín-ín-rín tó ń gbé lára gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn, tó ń bá a wá omi nínú ilẹ̀. Oṣù karùn-ún ni èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín lóko mi ní Ẹ̀pẹ́, kí ó lè bá ata oṣù kẹsàn-án. Ẹ lọ sábẹ́ igi tó ti pẹ́, níbi tí katakata kò dé, torí ibẹ̀ ni olú náà máa ń wà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn (kì í ṣe ti etí ọ̀sà tó níyọ̀ o), ẹ rọ ọ́ sínú àpò tí ẹ ti lu nídìí, kí ẹ gbin àgbàdo sí i, kí olú náà lè pọ̀ sí i lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ má fi ajílẹ̀ oní-fọ́sífétì sí i, torí tó bá pọ̀, gbòǹgbò kì í gba olú náà láàyè.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹ dáwọ́ omi dúró. Bí àgbàdo bá gbẹ, ẹ gé igi rẹ̀ dànù, ẹ gé gbòǹgbò wẹ́wẹ́, ẹ pò ó padà mọ́ ilẹ̀ àpò náà. Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí gbòǹgbò ata jókòó lé e gan-an.

Fọ́nrán olú yìí tín-ín-rín ju irun gbòǹgbò lọ. Ó ń wọ àlàfo ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò lè wọ̀, ó ń fa omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (oúnjẹ ohun ọ̀gbìn tó wà nínú ilẹ̀) wá fún ata. Ata náà á fún un ní ṣúgà tó fi oòrùn ṣe. Ata á pẹ́ kó tó rọ, àmọ́ bí ilẹ̀ bá gbẹ jù, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ bomi rin ín. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń tú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra, nítorí fọ́nrán ni wọ́n ń já. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ fi bò ó.

Ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti tòmátì náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má fi ṣòfò sídìí tẹ̀tẹ̀ tàbí kábéèjì. Wọn kì í bá a ṣe.