Bí a ṣe ń gbẹ́ adágún ẹja àdúgbò ní Èkó, tí a sì ń kó ẹja sí i

Adágún ẹja àdúgbò ni omi tí àwọn ará àdúgbò jọ gbẹ́, tí wọ́n jọ ń tọ́jú, tí àgbà àti ọmọdé sì lè wá ju ìwọ̀ sí. Kò jọ kòtò ẹja tí oníṣòwò ń lò. Ẹni tó ń sin ẹja tà ń fẹ́ kí ẹja pọ̀, kí ó tètè tóbi, kí ó kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àdúgbò ń fẹ́ ni omi tí ẹja inú rẹ̀ yóò máa wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, tí kò sì ní gba oúnjẹ olówó ńlá lójoojúmọ́. Ní Ṣómólú, Bàrígà, Àkókà, títí dé Ọgbà àti Àgége, ibi tí ọmọ lè jókòó sí lẹ́bàá omi mímọ́ kò pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi tọ́ sí àdúgbò tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ tó ṣófo. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù ni kí a ti ra ọmọ ẹja kí ilẹ̀ àti omi tó ṣe tán. Ẹja ló yẹ kó kẹ́yìn nínú gbogbo ohun tí a ó rà.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, kí ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo wa mọ̀ sí CDA, lọ bá baálẹ̀ àti ìdílé tó ni ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì gba àdéhùn lórí ìwé. Kí onímọ̀ ìwọnlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí bóyá ó bọ́ sí ojú ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀ fún omi àgbàrá. Ẹ lọ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí pẹ̀lú. Lórí ìwé kan náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò máa gba owó, àti ẹni tí yóò máa kọ iye ẹja tó jáde sílẹ̀. Tí kò bá sí ẹni mẹ́ta yìí, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dán ilẹ̀ náà wò

Ilẹ̀ Èkó kì í ṣe irú kan náà. Ní apá Ìkejà àti Àgége, erùpẹ̀ pupa tó ní amọ̀ nínú wọ́pọ̀, irú rẹ̀ sì lè di omi mú. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, ní Bàrígà, Ìwáyà, Mákòókó àti Ọ̀wọ́rọ̀nṣọkí, yanrìn àti ẹrẹ̀ dúdú ló pọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ sì wà nítòsí.

Ẹ mú erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ gbẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ fún un kó di bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì jù ú sókè níwọ̀n ìdajì mítà kí ẹ tún hán an. Bí ó bá fọ́, yanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá dúró ṣinṣin, amọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò kan tó jìn dé ìbàdí, ẹ rọ omi kún un ní àárọ̀. Yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé ilẹ̀ ń mu ún. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tún un rọ kún, ẹ fi ewé bò ó. Bí ọ̀pọ̀ omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ yín yóò di omi mú. Bí kò bá sí mọ́, ẹ ní láti ra amọ̀ wá tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, tàbí kí ẹ tẹ́ tapólì tó nípọn, èyí tó gbówó lórí.

Ẹrẹ̀ etí ọ̀sà gba ìṣọ́ra púpọ̀. Níbi tí igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń dúró lójú omi, ti hù rí, ilẹ̀ náà lè máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá kàn án, kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbẹ́ ẹ sókè tí oòrùn pa á, yóò di kíkan débi pé òjò àkọ́kọ́ tó fọ̀ ọ́ sínú adágún lè pa gbogbo ẹja. Ẹ fi ẹrẹ̀ náà sílẹ̀ nínú ike fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó máa ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára, kí ẹ sì fi bébà ìdánwò pH wò ó, èyí tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni kíkan rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí pH rẹ̀ bá já sí 4 tàbí tó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo rọ̀ yín pé kí ẹ wá ilẹ̀ mìíràn, nítorí pé owó láìmù, ìyẹn ẹfun tí àgbẹ̀ fi ń pa kíkan ilẹ̀, tí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gba kò ní tán.

Ní gbogbo ọ̀nà, kí adágún jìnnà sí ṣáláńgá àti sókàwéè ní ó kéré tán mítà 30.

Omi tí ẹ ó lò

Ẹ jẹ́ kí a fi adágún tó gùn ní mítà 30, tó sì fẹ̀ ní mítà 20, ṣe àpẹẹrẹ. Ojú rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 600. Bí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 1.1 ní ìpíndọ́gba, omi tí yóò gbà jẹ́ nǹkan bíi lítà 660,000. Ọkọ̀ agbómi tó ń gbé lítà 10,000 yóò rìn ní ìgbà 66 kí ó tó kún un, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ronú àtira omi. Bí kànga-dẹ̀rọ yín bá ń fa lítà 3,000 ní wákàtí kan, yóò gbà á ní wákàtí 220. Èyí ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òjò ni alábàáṣiṣẹ́ tó dára jù. Òjò Èkó máa ń kọjá mílímítà 1,500 lọ́dún, bí ẹ bá sì fi páìpù darí omi òrùlé gbọ̀ngàn àdúgbò tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ sínú adágún, ẹ ti rí omi ọ̀fẹ́.

Omi gọ́tà ni ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé. Epo mọ́tò, omi ọṣẹ àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹja tí ọmọ yín yóò sì jẹ ni yóò gbé inú rẹ̀. Ẹ mọ ògiri erùpẹ̀ kékeré yí gbogbo adágún ká kí àgbàrá lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Omi kànga-dẹ̀rọ Èkó sábà máa ń ní kíkan díẹ̀, ó máa ń ní irin nínú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì kéré. Ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè sórí òkúta tàbí kó máa tú yàà bí omi ṣáwà kó tó wọ adágún.

Gbígbẹ́ adágún

Ìgbà tó dára jù láti gbẹ́ ilẹ̀ ni láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kí òjò oṣù Igbe dé oṣù Agẹmọ, èyí tó máa ń le jù ní Òkúdù, lè bá a ní ṣíṣetán. Katakata lè parí iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kọ́kọ́ ṣí erùpẹ̀ òkè tó ní gbòǹgbò àti koríko kúrò, nítorí pé ògiri tí a bá fi irú rẹ̀ mọ yóò jò. Ní apá kan, kí omi jìn ní nǹkan bíi ìdajì mítà sí mítà 0.8, kí ó máa jìn lọ títí dé mítà 1.5 ní apá kejì, níbi tí páìpù tí a ó fi máa da omi nù yóò wà. Kí orí ògiri ga ju ojú omi lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà lọ díẹ̀díẹ̀, mítà méjì síwájú fún mítà kan sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ní ibi tí àwọn apẹja yóò jókòó sí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ mítà mẹ́ta, kí ọmọdé tó bá yọ̀ lè rìn jáde. Ẹ di àwọ̀n onírin mọ́ ẹnu gbogbo páìpù.

Ní ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti súnmọ́ ojú ilẹ̀ jù, ẹ má gbẹ́ jìn. Ẹ mọ ògiri sókè dípò rẹ̀, kí ẹ lè máa fa omi adágún náà gbẹ nígbà tó bá yẹ.

Láìmù, ìgbẹ́ adìyẹ, àti sùúrù

Kí omi tó wọ̀ ọ́, ẹ wọ́n láìmù àgbẹ̀ sí gbogbo ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ inú, gíráàmù 100 sí 200 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Èyí já sí kílò 60 sí 120 fún àpẹẹrẹ wa. Ẹ lo ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ojú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó dá omi sí i.

Bí omi bá ti kún, ẹ kó kílò 30 ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ sínú àpò, ẹ so ó mọ́ òpó nínú omi, kí ẹ máa mì í lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé, nítorí àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tí ọmọ ẹja ń jẹ. Ẹ na apá yín wọ inú omi títí dé ìgúnpá. Bí àtẹ́lẹwọ́ yín bá pòórá nígbà tí omi wà ní ìgúnpá, oúnjẹ inú omi tó. Bí ẹ bá ṣì ń rí i kedere, ẹ dúró tàbí kí ẹ fi ìgbẹ́ kún un. Bí ó bá pòórá kí omi tó dé ìdajì apá, ó ti pọ̀ jù, ẹ yọ àpò náà. Ohun ọ̀gbìn inú omi a máa mí afẹ́fẹ́ lóru bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí ẹja fi máa ń já sókè gbẹ̀mí ní ìdájí nínú omi tó ti ní àwọ̀ ewé jù.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi omi tó kún sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìsí ẹja. Ọ̀pọ̀lọ́ yóò yé sínú rẹ̀, kòkòrò apẹja yóò sì pọ̀, àwọn ló máa kọ́kọ́ jẹ ọmọ ẹja tí ẹ fowó rà.

Irú ẹja, àti iye rẹ̀

Epìyà àti àrọ̀ ni mo gbà yín níyànjú láti kó papọ̀. Epìyà ń jẹ ohun tín-ín-tín inú omi, ó sì máa ń gbé ìwọ̀ mì láìfi bẹ́ẹ̀ ṣòro, èyí dára fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó ń bí jù. Láàárín oṣù díẹ̀, adágún lè kún fún àwọn epìyà kéékèèké tí kò ní tóbi mọ́ láé, nítorí pé oúnjẹ kò kárí wọn. Ọ̀nà méjì ni a fi ń dá a dúró. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ béèrè fún akọ nìkan lọ́wọ́ olùpèsè ọmọ ẹja. Nígbà tí wọ́n bá ti tóbi díẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò lábẹ́ ikùn: akọ ní ihò méjì, abo ní mẹ́ta. Ọ̀nà kejì ni àrọ̀, tí yóò máa jẹ ọmọ epìyà tó bá ṣì bí.

Fún mítà onígun mẹ́rin 600, epìyà 600 tó bí ẹ kò bá ní máa bọ́ wọn. Bí ẹ ó bá máa fún wọn ní èérí àgbàdo lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá ti mú díẹ̀, ẹ lè kó 1,200. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kó àrọ̀ 60, tí kò gùn ju epìyà tó wà níbẹ̀ lọ. Àrọ̀ tó bá tóbi jù yóò fi epìyà yín ṣe oúnjẹ kí ẹnikẹ́ni tó ju ìwọ̀.

Adágún etí ọ̀sà yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀sà Èkó máa ń ní iyọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òjò àti omi odò yóò sì fọ̀ ọ́ nígbà òjò. Bí iyọ̀ bá ju gíráàmù 5 lọ nínú lítà kan, ẹ má kó àrọ̀ sí i. Epìyà ọ̀sà, tó ti mọ iyọ̀ lára láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ lè béèrè ìmọ̀ràn ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tí ń jẹ́ NIOMR ní Victoria Island, tàbí ní ẹ̀ka tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun ní Yunifásítì Èkó ní Àkókà.

Ọjọ́ tí ẹja dé

Kí olùpèsè má bọ́ ọmọ ẹja ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ìgbẹ́ wọn má ba omi inú ọ̀rá jẹ́. Ẹ gbéra ní ìdájí, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú lè pa wọ́n sínú ooru. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọ̀rá náà lé ojú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, ẹ máa bu omi adágún sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹja fúnra wọn sì lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ẹ má dà wọ́n láti òkè. Ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, ẹ ka iye tó kú, kí ẹ lè mọ iye tí ẹ ó fi rọ́pò.

Òfin ìwọ̀

Ẹ ti adágún náà fún oṣù mẹ́fà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ yóò máa bẹ̀ yín. Ẹ fi ọgbà yí i ká, ẹ kọ àkíyèsí sí ẹnu ọ̀nà pé kò sí ìwẹ̀, ẹ so táyà ìgbàlà àti okùn gígùn mọ́ òpó, kí ọmọ kékeré kankan má sì wọlé láìsí àgbàlagbà. Ìwọ̀ nìkan ni kí a gbà: kò sí àwọ̀n, kò sí oògùn, kò sí iná mànàmáná.

Àwọn kan yóò fẹ́ máa dá epìyà kékeré padà sínú omi, èrò rere ni, ṣùgbọ́n ó lòdì sí adágún yìí. Kí epìyà kékeré jáde, kí ẹni tó mú un gbé e lọ sílé. Àrọ̀ ni kí ẹ máa dá padà ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé òun ló ń dín ọmọ epìyà kù, ẹ sì lè fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Kí akọ̀wé kọ irú ẹja, iye rẹ̀ àti bí ó ṣe gùn tó sínú ìwé. Bí epìyà tó ń jáde bá ń kéré sí i lóṣooṣù, ẹ fi àrọ̀ kún un. Bí ó bá tóbi ṣùgbọ́n tó ṣọ̀wọ́n, ẹ fi ọmọ epìyà kún un.

Ẹ máa gé koríko etí omi nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì máa yọ ojúoró kó tó bo ojú omi. Ní ọjọ́ tí kò bá sí òjò, bí omi bá lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹ wá ibi tó ti ń jò. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbẹ adágún náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ fún àwọn tó ní oko ẹ̀fọ́, kí ẹ sì tún wọ́n láìmù sí i. Ẹja tó bá ṣẹ́ kù, ẹ pín in láàárín àdúgbò. Ẹ má ṣe dà á sínú ọ̀sà tàbí sínú gọ́tà, nítorí pé ẹja tí a rà lọ́wọ́ olùpèsè ọmọ ẹja lè gbé àrùn lọ bá àwọn tó ti wà níbẹ̀.