Bí Mo Ṣe Di Irun Orí Sowei Sórí Ènìyàn

Sowei ni ère orí dúdú tí a fi igi gbẹ́, tí àwọn obìnrin Sande, ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin, ń gbé jó láàárín àwọn Mende ní Sierra Leone. Ọkùnrin ló ń gbẹ́ ẹ, obìnrin ló ń gbé e. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, ọkùnrin ló ń gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyá ni wọ́n fi ń júbà. Irun orí sowei ṣe pàtàkì, nítorí lọ́dọ̀ Mende, irun tó kún tí a sì dì dáadáa ń fi hàn pé ara obìnrin le, pé orí rẹ̀ sì pé. Ẹni tó bá gbé irun wúruwùru jáde, tí kì í ṣe pé ó ń ṣọ̀fọ̀, ojú wèrè ni wọ́n á fi wò ó.

Àwòrán mẹ́ta ni mo lò: iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ìpàkọ́. Ẹ má fi ti iwájú nìkan bẹ̀rẹ̀, torí ìpàkọ́ ni irun ti ń parí. Èyí tí mo yàn ní òkìtì irun kan láàárín, tó dúró bí ogbe àkùkọ, pẹ̀lú irun dídì lápá ọ̀tún àti òsì.

Ibi tí ọ̀bẹ ti gbẹ́ wọlé lára igi kì í ṣe irun o, ìlà ni. Èyí tó yọ sókè ni irun. Mo kọ́kọ́ kà á sódì: mo rí ojú ọ̀bẹ márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo di irun márùn-ún, ó sì yẹ kó jẹ́ mẹ́fà. Mo tú gbogbo rẹ̀.

Irun gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó fọwọ́ kàn án. Irun tútù máa ń nà, bó bá wá gbẹ tán lórí, á sún kì, á sì máa fa awọ orí. Àdí ṣíbí tíì kan tó. Awọ orí ni kí ẹ fi pa, kì í ṣe irun. Bó bá pọ̀ jù, òwú á máa yọ̀, òkìtì àárín kò ní dúró.

Mo fi ìlàrí fa ìlà méjì láti iwájú dé ìpàkọ́, àlàfo ìka mẹ́ta láàárín wọn. Irun ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ́kọ́ dì, láti ẹ̀bá etí lọ sókè bíi ti ṣùkú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí mẹ́fà-mẹ́fà fi pé. Bí ẹ bá parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, á fa àárín wọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àárín ni mo fi òwú dúdú kó, ìdì méje. Ìdí irun ni kí òwú ti le, kó sì máa dẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà mo tẹ ìdì kọ̀ọ̀kan kọdọrọ, mo so ó mọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Èyí tó bá le ní ṣóńṣó á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iwájú orí sowei gbòòrò, ẹwà ni wọ́n ka èyí sí. Ẹ má torí ẹ̀ fa irun iwájú le, yóò já. Mo ki ṣóńṣó gbogbo irun bọ abẹ́ òwú tó kẹ́yìn, kí ọrùn lè hàn gbangba, torí ibẹ̀ ni àwọn ìṣẹ́po tó yí ọrùn sowei ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìgbì omi ni, bí ẹ̀mí omi tí sowei dúró fún ṣe ń yọrí látinú odò. Àwọn mìíràn rí ọrùn obìnrin tó jẹun kánú nínú rẹ̀.

Wákàtí márùn-ún ló gbà. Kí òwú àárín má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí.