Ẹ Má Fò Kọjá Ọ̀rọ̀ Náà: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Kọ́gbọ́n Lára Àjọ̀dún Àwọn Júù àti Tórà Kíkà

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń tọ́jú ìyá àgbà kan tó jẹ́ Júù ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, mo gbé búrẹ́dì wọlé tọ̀ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ Àjọ Ìrékọjá. Búrẹ́dì tuntun ni, ó ṣì ń gbóná nínú ọ̀rá, oore ni mo sì rò pé mò ń ṣe. Ìyá ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ gbé e padà síta, kí n sì gbọn aṣọ mi dáadáa kí n tó wọlé. Ọmọ wọn obìnrin ló là mí lọ́yẹ lẹ́yìn náà pé búrẹ́dì oníwúkàrà kò gbọdọ̀ sí nílé wọn ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní alẹ́ tó ṣáájú àjọ̀dún, wọ́n ti tan àbẹ́là, wọ́n fi í wá inú ilé láti yàrá dé yàrá, wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ gbá ẹ̀rún búrẹ́dì sínú ṣíbí onígi, wọ́n yọ àpò kóòtù síta wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n dáná sun gbogbo ohun tí wọ́n rí. Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀rá búrẹ́dì mi fẹ́ bà jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Mo mọ ìtàn Ìrékọjá láti kékeré. Bí wọ́n bá jí mi lóru, mo lè ka ìyọnu mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí. Àmọ́ mi ò tíì rí i rí pé ènìyàn kúnlẹ̀ sídìí àga nítorí ẹ̀rún búrẹ́dì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ìparí ìtàn ká tó ṣí ìwé. Àwọn Mùsùlùmí wa náà mọ Ànábì Músà dáadáa. Nítorí náà, kíá la máa ń fò lọ síbi ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ tí a bá fò lọ bá kì í sì í ju èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Má fi orúkọ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀

Tórà, ìyẹn ìwé márùn-ún Mósè, ni àwọn Júù pín sí ìpín 54. Wọ́n ń kà á ní sínágọ́gù láàárọ̀ ọjọ́ Sábáàtì láti inú ìwé awọ tí a fi ọwọ́ kọ, títí ọdún yóò fi yípo. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò wo orúkọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Chayei Sarah nínú Jẹ́nẹ́sísì, tó túmọ̀ sí ìgbésí ayé Sárà. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn yóò ti múra ọ̀rọ̀ lórí ìyàwó rere. Ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ẹsẹ̀ kejì tí Sárà fi kú, lẹ́ni ọdún 127, ilẹ̀ rírà ló sì tẹ̀lé e. Òkú wà nílẹ̀, Ábúráhámù kò ní ibi tí yóò sin ín sí. Éfúrónì ará Hétì sọ lójú gbogbo ayé pé òun fi ilẹ̀ náà ta á lọ́rẹ. Nígbà tí Ábúráhámù kọ̀, tó ní owó lòun fẹ́ san, Éfúrónì fèsì pé: ilẹ̀ irínwó ṣékélì fàdákà, kí ni ìyẹn já mọ́ láàrin èmi àti ìwọ? Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí nílé wa mọ ohùn yẹn. Ẹni tó ń sọ pé «kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín» ti dá iye rẹ̀ sọ́nà.

Ábúráhámù kò jiyàn. Ó wọn owó náà pé lójú àwọn tó jókòó lẹ́nu bodè ìlú. Tórà wá ka ohun tó rà lẹ́sẹẹsẹ: oko náà, ihò tó wà nínú rẹ̀, àti gbogbo igi tó wà ní ààlà rẹ̀ yíká. Bí ìwé ilẹ̀ gan-an ni ó ṣe rí. Rashi, ọ̀mọ̀wé Júù ará Faransé tó kú ní 1105, tilẹ̀ rí i pé nígbà tí owó dé orí òṣùwọ̀n, lẹ́tà kan já kúrò nínú orúkọ Éfúrónì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lédè Hébérù. Ó ní ọkùnrin náà ṣèlérí púpọ̀, kò sì ṣe díẹ̀ pàápàá. Ẹ fojú inú wo ọkọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lónìí, tí ẹnìkan sọ fún pé kó sin òkú rẹ̀ sórí ilẹ̀ òun, kí àwọn sọ̀rọ̀ tó bá yá. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ tí ọmọ-ọmọ ń jà lé lórí, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fò lọ síbi ìyàwó rere kò ní rí èyí.

Àṣìṣe tó jọ ọ́ ni kí ènìyàn já ẹsẹ̀ kan gbà láìbèèrè bí àwọn tó ni ín ṣe ń lò ó. «Ojú fún ojú, eyín fún eyín» wà nínú Ẹ́kísódù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ fi hàn pé ìkà ni òfin àwọn Júù. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin wọn, kò lò ó bẹ́ẹ̀. Nínú Míṣínà, àkójọ òfin wọn tó ti wà fún nǹkan bí 1,800 ọdún, owó ni ẹni tó ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe yóò san, ó sì pín sí ọ̀nà márùn-ún: owó àbùkù ara, owó ìrora, owó ìwòsàn, owó iṣẹ́ tí kò rí ṣe, àti owó ìtìjú. Tí ọlọ́kadà bá gbá ìyá oníṣòwò nílé wa, owó ilé ìwòsàn nìkan la máa ń jà lé lórí. Ta ló ń ka ọjọ́ tí kò fi lè lọ sọ́jà? Ta ló ń san owó ojú tó tì í nígbà tí ìró rẹ̀ tú láàrin títì?

Òwe tiwa tó máa ń tètè dé

Nígbà Àjọ Àgọ́, tí wọ́n ń pè ní Sukkot, ẹni tó bá gba Stamford Hill ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá ní September tàbí October yóò rí àgọ́ onípákó lórí bákónì àti ní àgbàlá. Ẹ̀ka igi tàbí ọparun ni wọ́n fi ń bo òrùlé rẹ̀, wọn kì í sì í dí i pa, kí ènìyàn lè rí ìràwọ̀ láti inú. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Bí Yorùbá bá rí i, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò fi sọ pé «ayé lọjà, ọ̀run nilé». Òwe gidi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá tètè mú un wá, orí la ó máa mì, a ó máa kẹ́dùn pé ayé ò pẹ́, nígbà tó jẹ́ pé àkókò ayọ̀ wa ni àwọn Júù ń pe àjọ̀dún yìí nínú àdúrà wọn. Àṣẹ ni Deuterónómì pa pé kí o yọ̀ nínú rẹ̀, kí ọmọ rẹ yọ̀, kí ìránṣẹ́ rẹ yọ̀, kí àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó tó wà ládùúgbò rẹ yọ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò sí nínú òwe tí mo mú wá látilé. Inú ilé tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí òrùlé rẹ̀ ò dí, ni wọ́n ti ní kí o pe opó wá jẹun. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa tí kì í gba àlejò nítorí pé wọn ò tíì kun ilé, nítorí pé sílìǹ ò tíì wọlé. Ọdún ń lọ, àwọn òbí wọn ń dàgbà, wọ́n ṣì ń retí kí ilé parí. Ó sì dùn mọ́ mi pé òfin yìí mọ ènìyàn lára: bí òjò bá pọ̀ débi tí yóò ba ọbẹ̀ jẹ́ nínú àwo, wọ́n lè gbé oúnjẹ wọn wọlé.

Ta ni Fáráò?

«Àwọn ará Íjíbítì tí ẹ rí lónìí, ẹ kì yóò tún rí wọn mọ́ láéláé.» Kò sí ìsọjí tí a kì í ti fi ẹsẹ̀ yìí gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó máa ń wà lọ́kàn wa tí a bá ń ṣe àmín: onílé, ọ̀gá níbi iṣẹ́, ìyá ọkọ, aládùúgbò tí a jọ ń pín mítà iná. Gbogbo ìgbà ni a jẹ́ Ísírẹ́lì, ẹlòmíràn ló máa ń jẹ́ Fáráò. Èyí léwu, ó sì ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká.

Ní alẹ́ Ìrékọjá, nídìí tábìlì, bí wọ́n bá ń ka ìyọnu mẹ́wàá, wọ́n máa ń fi ìka bu wáìnì kúrò nínú ife wọn ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan fún ìyọnu kọ̀ọ̀kan. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé ife ayọ̀ kò gbọdọ̀ kún nígbà tí ènìyàn kú, ìbáà jẹ́ ọ̀tá. Ẹsẹ̀ kan sì wà nínú Deuterónómì orí 23 tí mi ò gbọ́ rí lórí pẹpẹ kankan: má ṣe kórìíra ará Íjíbítì, nítorí pé ìwọ ti jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ rẹ̀. Ará Íjíbítì tó kó wọn lẹ́rú! Nínú Ẹ́kísódù, ìdí tí wọ́n fún wọn láti má ṣe pọ́n àlejò lójú ni pé wọ́n mọ inú àlejò. Ìjìyà wọn ni yóò máa rán wọn létí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe sí ẹni tó wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára Ìrékọjá, kó kọ́kọ́ wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nílé rẹ̀, kó wo àwo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un àti ibi tó ń sùn, kó tó wá Fáráò kiri.

Hánúkà ńkọ́? Má pè é ní Kérésìmesì àwọn Júù, má sì wá a nínú Tórà, kò sí níbẹ̀. Ìrántí ìgbà tí àwọn Mákábì, àwọn jagunjagun Júù, gba tẹ́ńpìlì padà tí wọ́n sì tún un yà sí mímọ́, ní ọdún 164 ṣáájú ìbí Jésù, ni. Nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn rábì méjì àtijọ́, ti Ṣammai ní kí wọ́n tan iná mẹ́jọ lálẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n máa dín in kù. Ti Hilẹli ní kí wọ́n fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi kún un. Ti Hilẹli ni wọ́n ń tẹ̀lé títí dòní. Ẹ sì rántí pé ọjọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, kí ìkíni yín má baà pẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la ń kí «ẹ kú ọdún»: Tisha B'Av jẹ́ ọjọ́ ọ̀fọ̀ fún tẹ́ńpìlì méjèèjì tó wó, wọn kì í kí ara wọn lọ́jọ́ náà.

Ààwẹ̀ láìlọ sọ́dọ̀ ẹnìkankan

Èyí tó ká mi lára jù ni Ọjọ́ Ètùtù, tí wọ́n ń pè ní Yom Kippur. Ó tó wákàtí 25 tí wọn kì í jẹ, tí wọn kì í mu, omi pàápàá. A mọ ààwẹ̀ gbà, nítorí náà ààwẹ̀ ni ojú wa máa ń lọ sí. Míṣínà sọ ọ́ láìfi bò: ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàrin ènìyàn àti Ọlọ́run, Ọjọ́ Ètùtù ń ṣètùtù fún un, èyí tó wà láàrin ènìyàn àti ẹnìkejì rẹ̀, Ọjọ́ Ètùtù kò ṣètùtù fún un títí yóò fi lọ tu ẹni náà nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ìwé Jónà ni wọ́n ń kà. Ẹja ńlá ni àwa máa ń rántí. Àwọn rábì tọ́ka sí ibòmíràn: nígbà tí Nínéfè gbààwẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ìwé náà kò sọ pé Ọlọ́run rí ààwẹ̀ wọn tàbí aṣọ ọ̀fọ̀ wọn. Ìṣe wọn ló ní Ọlọ́run rí.

Maimonides, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní Córdoba ní 1138, sọ pé bí o bá tilẹ̀ san owó tí o jẹ padà, o ṣì gbọ́dọ̀ lọ bẹ ẹni náà. Bí kò bá gbà, kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ bẹ̀ ẹ́, títí dé ìgbà kẹta.

Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí WhatsApp, «bí mo bá ti ṣẹ̀ yín lọ́nàkọnà, ẹ foríjì mí», a ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣe bẹ́ẹ̀. «Bí mo bá» yẹn kò jẹ́wọ́ nǹkan kan, gbogbo ènìyàn yẹn kì í sì í ṣe ẹni tí o ṣẹ̀.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ààwẹ̀ náà, lọ́dún kẹta tí mo wà lọ́dọ̀ Ìyá, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún àwọn. Wọ́n ti wọ búláòsì funfun. Ìbátan wọn kan ni wọ́n pè. Wọn ò sọ «bí mo bá». Wọ́n ní: «Níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ, mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa oúnjẹ, o sì gbọ́. Mo rí i lójú rẹ pé o gbọ́.» Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo lọ dúró sí ìdáná.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo bú u lójú àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí owó tí mo fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, mo ti kí i lọ́jọ́ ìbí, mo ti fi owó mìíràn ránṣẹ́, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ «ẹ foríjì mí» ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú gbogbo ẹbí ní ìparí ọdún. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò gbé e. Mo pè é láàárọ̀, kò gbé e. Ìgbà kẹta ló gbé e. Mo dárúkọ ọjọ́ náà, mo dárúkọ yàrá tí a wà, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ padà fún un bó ṣe rí gan-an. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé iná fóònù ti tán.

«Ẹ̀gbọ́n mi,» ó ní, «mo rò pé ẹ ti gbàgbé ni.»