Kọbì tí wọ́n ní kí n pa rẹ́: ìrírí mi nídìí ilé ìkàwé kan ní Òkè Ògùn

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, àwòrán kan ni alága ìgbìmọ̀ fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ilé bánkì ni, gíláàsì láti òkè délẹ̀. "Irú èyí la fẹ́," ó ní, "kí àwọn tó ń kọjá lójú títì mọ̀ pé ìlú wa ti là." Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kí a jọ lọ jókòó díẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú: búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, páànù tó sún mọ́ni lórí, fèrèsé gíláàsì tó dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù Kejì ni, kò sì sí iná. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí alága ti ṣí fìlà, tó ń fi fẹ́ra. A wá rìn lọ sí agbo ilé kan lẹ́yìn ọjà, ilé amọ̀ àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, tí òrùlé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà kan sùn fọnfọn lórí ẹní níbẹ̀, láìsí fáànù. Alága wo ìyá, ó wò mí. "Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ilé amọ̀ fún wa o."

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ gan-an nìyẹn: ilé tó ń tutù bí ilé amọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè pè ní ilé amọ̀. (Ẹnjiníà ni gbogbo ìlú ń pè mí. Akitẹ́ẹ̀tì ni mí. Mo ṣàlàyé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sú mi, mo ń dáhùn.)

Kí n tó fa ìlà kankan, mo padà sí Ìbàdàn. Mo lo ọ̀sán kan nínú Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, yà nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Ilé tóóró gígùn ni, ara rẹ̀ kún fún ihò bí ajere, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Mo tún yà sí ilé ìsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, ní Samonda, iṣẹ́ Demas Nwoko, ẹni tí wọ́n fún ní Golden Lion, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ilé yíyà, ní Venice ní 2023. Iṣẹ́ ọnà ni Nwoko kọ́ ní Zaria, kì í ṣe ilé yíyà, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì kọ́lé. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ohun tí màá fi mọ ògiri.

Ilẹ̀ pupa ò wọ́n ní Òkè Ògùn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé lò. A kọ́kọ́ hú ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, torí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù dì. Mo bu ti ìsàlẹ̀ sínú ike, mo da omi sí i, mo mì í dáadáa, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ gun orí rẹ̀. Amọ̀ wa pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á sán tó bá gbẹ, la bá fi yanrìn odò là á. Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí ìwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ méjìlá la pò. Láti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ tó, màá ki ẹ̀kúnwọ́ kan bí òkèlè, màá jù ú sílẹ̀ láti ibi èjìká. Tó bá tú ká bí gààrí, omi kò tó. Tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀ẹ́, omi ti pọ̀. Èyí tó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni à ń kó sínú ẹ̀rọ, tí ọmọkùnrin méjì á so mọ́ ọ̀pá irin rẹ̀ títí á fi tẹ̀ ẹ́ le.

Ọ̀ọ́dúnrún búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ṣòfò. Mo lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì tò wọ́n sínú oòrùn gbalasa bí ẹni sá èlùbọ́. Nígbà tí mo dé, gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọn ti sán. Láti ìgbà náà, abẹ́ ìbòòji la ń tò wọ́n sí, a ń fi ọ̀rá bò wọ́n, a sì ń wọ́n omi sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ní ti kọbì, mo ti rí i ní ààfin, ojú mi sì wọ̀ ọ́: òrùlé ṣóńṣó tó yọ síwájú, tí òpó gbígbẹ́ gbé dúró. Mo yà á sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, mo gbé pílánù lọ síwájú àwọn ìjòyè, inú mi ń dùn. Bàbá ìjòyè kan ti ìwé náà sún mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ jọba níbí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Bàbá wá ṣàlàyé pé ilé ọba ni kọbì wà fún, pé láyé ijọ́un, ẹni tó bá kọ́ ọ sílé ara rẹ̀ yóò rojọ́. "Ilé ọmọ gbogbo wa lẹ ní ẹ fẹ́ kọ́. Ẹ pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́ níbẹ̀, ojú tì mí díẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló wá bi mí pé ṣé mi ò mọ akòdì ni. Yàrá yí àgbàlá ká ní ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i po, àárín ṣí sílẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ni ìlú lè sanwó fún láti máa mójú tó ìwé. Tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa rí gbogbo ilẹ̀kùn. Mo ti ya pílánù mẹ́ta kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Mo tẹ́ ilé náà gùn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, kí fèrèsé lè kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn oṣù Kejìlá máa ń gba gúúsù kọjá, nítorí náà mo fa etí òrùlé ibẹ̀ jáde ní mítà 1.2. Ọgbọ́n orí òrùlé, ọ̀dọ̀ akitẹ́ẹ̀tì Francis Kéré ni mo ti jí i, láti ilé ìwé Gando tó kọ́ ní Burkina Faso ní 2001: a gbé páànù sókè kúrò lórí síílìn, kí ooru rí ọ̀nà sá lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn ni mo ti ṣe àṣìṣe. Fáńsí búlọ́ọ̀kù ni mo tò síbẹ̀ látòkè délẹ̀, ihò wọn tẹ̀ lé bátànì òfì. Bàbá Káfíńtà sọ kalẹ̀ látorí àkàbà. "Ẹnjiníà, ìlà oòrùn ni ìjì ti ń wá o." Mo ní, "Bàbá, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń fẹ́." Irọ́ kọ́ ni mo pa, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń gbé ọ̀rinrin wá lọ́tọ̀, ìjì tó ń ṣáájú òjò lọ́tọ̀. Bàbá gun àkàbà rẹ̀ padà.

Nínú oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí a ti to ìwé, ìjì kan dé nírọ̀lẹ́. Ó gba inú ihò òfì mi wọlé, ó fi omi fọ pẹpẹ ìwé àwọn ọmọdé. A sá ìwé mẹ́tàdínlógójì sí àgbàlá lọ́jọ́ kejì. Gbogbo wọn wú bí àkàrà, àwọn kan ò ṣí mọ́.

Èmi ni mo san owó àtúnṣe. Nígbà tí Bàbá Káfíńtà wá wọn igi, kò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. A ri òpó mẹ́rin síwájú ògiri ìlà oòrùn, a fa òrùlé jáde bò ó, ṣóńṣó, kí omi lè tètè ṣàn. Àwọn ọmọ ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibi ayò.

Bàbá ìjòyè wá wò ó. Ó fi ọ̀pá kan òpó méjì, ó gbójú sókè sí òrùlé.

"Kí lẹ̀ ń pe eléyìí?"

"Ìbòjú òjò ni, Bàbá."

"Ó jọ kọbì," ó ní. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Kò sọ pé kí n wó o.